Ọjọ́ Ẹtì tí kò dé Sàmóà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2011, àwọn ará Sàmóà, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, wọlé sùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31, ni. Ẹtì kò yọjú rárá. Títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń sọ pé wọ́n pàdánù ọjọ́ kan nínú ayé wọn. Irọ́ ni. Oòrùn kò fo ìgbà kankan, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan aago; orúkọ ọjọ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ẹni tó bá gba ìlà oòrùn láti Greenwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á máa fi wákàtí kún aago rẹ̀, ẹni tó gba ìwọ̀ oòrùn á máa yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pàdé láàárín òkun Pàsífíìkì, ìyàtọ̀ wọn ti pé ọjọ́ kan gbáko. Ibẹ̀ ni ìlà ọjọ́, tó pín ọjọ́ kan kúrò lára èkejì, wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààlà tí òfin àgbáyé fà. Ìpàdé Washington ọdún 1884 yan Greenwich pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ kíka wákàtí, kò fa ìlà ọjọ́ fún ìlú kankan. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹ̀gbẹ́ tó wù ú, àwọn tó ń ya máàpù á sì tẹ ìlà náà yí i ká.

Ọjà ló máa ń darí yíyàn yẹn. Ẹni tó ń ná ọjà ọrún ìlú kejì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọjà á ti tú kó tó sọ ẹrù. Ní 1892, àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà rọ ọba Malietoa Laupepa pé kó bá wọn ka ọjọ́ pọ̀, ni Sàmóà bá ka ọjọ́ 4 oṣù Keje lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi di 2011, New Zealand àti Ọsirélíà lọjà wà. Bó bá jẹ́ Ẹtì ní Apia, olú ìlú Sàmóà, Auckland ti wà nínú Àbámẹ́ta. Bí Apia bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sydney ti ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Olórí ìjọba ìgbà náà, Tuilaepa Sailele Malielegaoi, ti kọ́kọ́ yí ìrìn ọkọ̀ láti apá ọ̀tún sí òsì ní 2009 kí tòkunbọ̀ New Zealand lè rọrùn láti rà. Òun náà ló yí ọjọ́.

Àwọn Seventh-day Adventist ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù, torí ọjọ́ keje ni wọ́n ń pa mọ́. Bí Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ ìkarùn-ún, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tí ìjọba pè ní Àbámẹ́ta, ìkẹfà ni fún ẹni tó ń ka oòrùn. Àìkú ló di ìkeje. Ìjọ náà ní Sàmóà mú Àìkú. Àwọn kan kọ̀, wọ́n yapa, wọ́n dúró ti Àbámẹ́ta. Kò sí ẹni tó ṣìṣirò nínú wọn: apá kan ń ka oòrùn, apá kejì ń ka orúkọ. Ìjọba lágbára lórí orúkọ, kíkà oòrùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n gidi ni ètò yìí fún oníṣòwò, ṣùgbọ́n ó mú ẹbí ní ibi tó ń dunni. Sàmóà ti Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù ìtòsí tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, kò bá wọn lọ. Bàálù kì í pẹ́ kó tó dé ibẹ̀ láti Apia, síbẹ̀ àná ni èèyàn ń bá. Ẹni tó bá ń pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní Pago Pago, olú ìlú ibẹ̀, nípa ìsìnkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bóyá Àbámẹ́ta tiwọn ni tàbí ti ibí.