Bí Iṣẹ́ Support Ṣe Ń Lọ Nínú Dota 2

Èèyàn márùn-ún ló ń kojú èèyàn márùn-ún nínú Dota 2, géèmù orí kọ̀ǹpútà, góòlù tó wà lórí máàpù kò sì lè tó gbogbo wọn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni àwọn creep, ìyẹn ọmọ ogun kékeré tí géèmù fúnra rẹ̀ ń darí, ń jáde láti ilé ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá lù wọ́n kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ló sì ni owó orí wọn. Bí márààrún bá ń du owó yìí, kò sẹ́ni tí yóò rí ohun ìjà gidi rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to ipò láti 1 dé 5. Ipò 1, ìyẹn carry, ló ń kó owó jù. Ipò 4 àti 5 ni support, tó gbọ́dọ̀ wúlò láìlówó lọ́wọ́.

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá a lóru ní Ilé-Ifẹ̀, láti Lágéré dé inú họ́ọ̀lù OAU, carry ló máa ń wu èèyàn láti mú, ẹni tó bá sì pẹ́ dé ni wọ́n ń ti ipò 5 sí lọ́wọ́. Àṣà yìí ń ba ikọ̀ jẹ́ púpọ̀. Bírikìlà kì í yára ju lébìrà tó ń po kọnkéré fún un lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, support àti carry jọ wà lójú ọ̀nà kan. Kì í ṣe ẹ̀yìn carry ló yẹ kí support dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ ni, kó sún síwájú díẹ̀, kí ọ̀tá tó bá fẹ́ pa creep lè kọ́kọ́ jẹ ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹran igbó wà. Tí ìṣẹ́jú bá ti pé gẹ́lẹ́, géèmù á wo ibùdó ẹran kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣófo, á kó ẹran tuntun síbẹ̀. Nítorí náà, bó bá ku bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí méje kí ìṣẹ́jú pé, support á lu ẹran kan, á sì sá, kí wọ́n lé e jáde kúrò níbùdó. Tuntun á dé, àwọn àtijọ́ á padà, wọ́n á wá di ìlọ́po méjì fún carry láti pa.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni ìríran. Ohun tí ojú ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ kò bá tó, òkùnkùn ni. Observer ward, ìyẹn ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kó lè máa bá ikọ̀ ṣọ́ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kì í pọ̀ nílé ìtajà. Ìṣẹ́jú 6 ló ń lò, ó sì ń ríran dé 1600 nínú ìwọ̀n géèmù yí ara rẹ̀ ká. Nínú géèmù, ọ̀sán ìṣẹ́jú 5 àti òru ìṣẹ́jú 5 ló ń gba ara wọn láyé. Ọ̀pọ̀ híró, ìyẹn ẹ̀dá tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń darí, ń ríran dé 1800 lọ́sàn-án, 800 péré lóru, bẹ́ẹ̀ ward kì í dín. Ward tó bá wọnú òru níye lórí gan-an.

Ibo ni kí wọ́n wá rì í mọ́? Ibi tí carry yóò ti ṣiṣẹ́ láìpẹ́ ni kí support kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà kó wá ojú ọ̀nà tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ gbà débẹ̀. Orí òkè tí gbogbo ayé mọ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀tá ń kọ́kọ́ ri sentry, ìyẹn ward tó ń tú àṣírí ohun tí ojú kò rí, mọ́ láti rí ward fọ́, owó sì ni fún wọn. Kó sún un sẹ́yìn díẹ̀, kó fi wà lábẹ́ igi, sàn ju kó pàdánù rẹ̀ lọ. Ward tí ẹnìkan kò wò kò tún wúlò: bí ọ̀tá mẹ́ta bá pòórá lórí máàpù, support ni kó pariwo pé kí carry padà sílé.

Nítorí pé ojú rẹ̀ kò há mọ́ owó creep, ó rọrùn fún un láti darí ikọ̀. Johan Sundstein, tí wọ́n ń pè ní N0tail, ipò 5 ló wà nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ OG tó gba The International, ìdíje àgbáyé Dota 2, ní 2018 àti 2019. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń ka àkókò fún ikọ̀: tí Roshan, ẹranko ńlá tí ikọ̀ méjèèjì ń du láti pa, bá kú, láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 11 ló ń jí padà.

Sáfà tí ará Ifẹ̀ ń lò wà ní Yúróòpù tàbí South Africa, àṣẹ tó bá tẹ̀ a máa pẹ́ kó tó dé. Shallow Grave, agbára híró tó ń jẹ́ Dazzle, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀mí híró tán, fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó péye gan-an. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń kálòlò, híró Warlock sàn: agbára Shadow Word rẹ̀ ń wo ọgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣeé fi sára ẹni kí ìjà tó gbóná. Bí iná bá sì ti lọ tí bátìrì ń tán, kí support tètè kó ward ọwọ́ rẹ̀ fún ipò 4 kí kọ̀ǹpútà tó kú.