Ọwọ́ gééjì wà láàárín, gíà ń jóná

"Gééjì kò ṣáà tíì gòkè." Gbólóhùn yìí ti sú mi. Ẹ sọ fún ẹni tó ń fi pick-up ọtomátíìkì kó kòkó lọ́nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pé gíà ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbóná jù, dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa nàka sí. Ọwọ́ gééjì ooru wà láàárín, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Pé ẹrẹ̀, òkè àti ẹrù máa ń fìyà jẹ gíà, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ wọ oko lóṣù keje ti mọ̀. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni nǹkan tí gééjì yẹn ń wò gan-an.

Omi ló ń wò, omi rédíétọ̀ tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká. Ọ́ìlì gíà kò kàn án. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan kò lè tibẹ̀ sọ bí èkejì ṣe rí.

Mẹkáníìkì kan bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé páìpù ọ́ìlì gíà gba inú rédíétọ̀ kọjá. Tí ọ́ìlì bá gbóná, omi á gbóná." Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Omi rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ pick-up fi ń tu ọ́ìlì gíà lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń kọjá níbẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń yí. Rédíétọ̀ lè máa lé ooru yẹn dànù débi pé omi kò ní gbóná kọjá bó ṣe yẹ, kí ọ́ìlì tó wà nínú gíà sì ti máa bàjẹ́. Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọwọ́ gééjì kó dúró sáàárín bí omi tilẹ̀ gbóná díẹ̀ sí i, kí ọkàn onímọ́tò má baà máa já. Gééjì tí wọ́n ń fi búra yìí, kò tilẹ̀ sọ gbogbo òótọ́ nípa omi.

Kí ló wá ń mú gíà gbóná? Kọ́ńfátà ni, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà. Nínú ọtomátíìkì, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó di ẹ́ńjìnnì àti gíà mọ́ra bíi ti mánúwà. Ọ́ìlì ló ń ti ọ́ìlì. Ẹ gbé fáànù méjì kojú síra, kí ẹ tan ọ̀kan: atẹ́gùn rẹ̀ ni yóò yí èkejì. Lójú títì Adó sí Ìkẹ̀rẹ́, eré àwọn méjèèjì súnmọ́ra, nígbà tó bá sì yá, ohun kan nínú kọ́ńfátà á so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n tí táyà bá há sínú ẹrẹ̀ tí ẹ sì tẹ iná, fáànù kìíní ń sáré, èkejì kò lè yí. Agbára yẹn kò lọ sí táyà, inú ọ́ìlì ló ń dà sí, ó ń di ooru. Ara ẹ́ńjìnnì lè máà tíì gbóná nígbà yẹn.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Lẹ́yìn Ìpólè-Ìlórò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àbúrò mi wà nídìí síárìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, gééjì wà láàárín." Òórùn kan ti ń bọ̀, bí ẹ̀wà tó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré bọ ihò abẹ́ síárìn, mo wo fóònù: omi 92°C, ọ́ìlì gíà 131°C. Láàárín 80 sí 95 ni ọ́ìlì gíà sábà máa ń wà. Tó bá kọjá 120, ọ́ìlì ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a dà á, ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bíi sóbò ti dúdú bí omi àgbo.

Bó bá ti gbóná, ẹ dúró, ẹ fi sí P, ṣùgbọ́n ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, nítorí òun ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi tó ti ń tutù. Àwọn kan á pa á, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa bu omi dà á. Abẹ́ ìjókòó yín ni gíà wà o. Kí ẹ sì tó wọ ẹrẹ̀ ni kí ẹ ti fi sí 4L, gíà kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá há.

N kò sọ pé ooru ló pa gbogbo gíà tó kú l'Ékìtì. Ọ́ìlì tó dín ń pa á, ọ́ìlì tó ti gbó náà ń pa á. Mánúwà kò ní kọ́ńfátà. Àwọn ọkọ̀ kan sì ní iná tí wọ́n kọ A/T OIL TEMP (ooru ọ́ìlì gíà) sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo páìpù tín-ín-rín méjì tó ti inú gíà lọ sí rédíétọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ sí ti mánúwà, tí kò ní ibi tí ọ́ìlì gíà ti ń tutù, tí wọ́n wá fi rọ́bà so páìpù méjèèjì mọ́ra wọn. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé gééjì rẹ̀ kò gòkè rí, òótọ́ ni yóò sì sọ.