Ẹ̀yìn Àwòrán Lẹ Ó Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ojú àwòrán Jámánì kan rí lábẹ́ ìjọba Hitler, ẹ yí i dà ná. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ mùsíọ́ọ̀mù máa ń wà, ibẹ̀ náà la sì ti lè bá nọ́ńbà EK, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Nazi fún iṣẹ́ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé láti 1937. Iṣẹ́ tó lé ní 20,000 ni wọ́n kó ní mùsíọ́ọ̀mù tó lé ní 100. “Entartete Kunst” (ibẹ̀ ni EK ti wá) ni wọ́n pè é, pé iṣẹ́ ọnà tó ti díbàjẹ́ ni. Wọ́n pàtẹ nǹkan bí 650 sí Munich ní July 19, 1937, kí ará ìlú lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún igi. Ara igi tí wọ́n fi na kánfáàsì ni ìwé pélébé sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pààrọ̀ igi, ìwé bá a lọ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ igi àwòrán mìíràn ni wọ́n lò, ìwé ará ibòmíràn á máa jẹ́rìí èké. Bí wọ́n bá lẹ kánfáàsì tuntun mọ́ ẹ̀yìn ògbólógbòó, gbogbo àmì bò mọ́lẹ̀. Ti Kirchner, ayàwòrán Jámánì kan, tún yàtọ̀: ó máa ń lo ojú kánfáàsì méjèèjì, ẹ̀yìn tí ẹ ń wò lè jẹ́ àwòrán tirẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá ti jáde, ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ tí ìjọba náà tẹ̀ ní nǹkan bí 1942. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó pé, apá méjì, wà ní Victoria and Albert Museum ní London, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú ni wọ́n fi tò ó, lẹ́tà sì ń sọ ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. V: wọ́n tà á. T: wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. X: wọ́n bà á jẹ́. Nọ́ńbà kò sọ ohun tó wà lọ́kàn ayàwòrán o: Emil Nolde, tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní 1,000, ọmọ ẹgbẹ́ Nazi lòun náà.

Ibi tó ti ń le ni ta ló ni ín. Bó bá jẹ́ ti mùsíọ́ọ̀mù ìjọba, wọ́n jẹ́ kí títà náà dúró lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n “Sumpflegende” tí Paul Klee yà, Sophie Lissitzky-Küppers ló ni ín. Ó kàn fi yá mùsíọ́ọ̀mù Hannover ni. Wọ́n kó o mọ́ ti mùsíọ́ọ̀mù. Ó di 2017 kí ìlú Munich, tí àwòrán náà wá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá àwọn àrólé Sophie parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “Leihgabe” níbikíbi nínú ìwé mùsíọ́ọ̀mù, ẹ dúró níbẹ̀: ohun àyálò ni, ó ní ẹni tó ni ín.