Kí ni ìtànṣán ń wá nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún èèyàn kan, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mímí tún di ìṣòro. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ojú ibi tí wọ́n ti rán ọ̀nà èémí tuntun mọ́ ti aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ògiri ọ̀nà èémí. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dọ̀fóró lára ẹni tó fi tọrẹ, àwọn iṣan yìí gé nìyẹn, àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í sì í sábà rán wọn padà. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó lójú rírán náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Egbò tí ẹ̀jẹ̀ kò tó kì í jinná bó ṣe yẹ: ẹran lè hù jù, tàbí kí àpá le, kó sì fún ọ̀nà pa. Wàhálà yìí ti pẹ́. James Hardy ṣe ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró àkọ́kọ́ ní Mississippi ní 1963, ṣùgbọ́n ó di 1983, ní Toronto, lọ́wọ́ Joel Cooper àti ikọ̀ rẹ̀, kí aláìsàn kan tó lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rírán tí kò jinná wà lára ohun tó pa àwọn tó ṣáájú.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò lè là á ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń là á. Dókítà á ki bronchoscope, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà, wọlé, á fi bàlúùnù fẹ ibi tó fún, tàbí kó fi laser jó ẹran náà, tàbí kó fi stent, ọ̀pá kékeré oníhò, sínú ọ̀nà náà kó lè wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ kì í nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lára àwọn kan, bí wọ́n ṣe ń gé e ló ń hù, ó tiẹ̀ ń hù wọ inú stent. Irú àwọn yìí ni àwọn dókítà kan ti gbìyànjú ìtànṣán fún.

Ìbéèrè: Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fi ìtànṣán wò. Kí ló kàn án pẹ̀lú àpá?

Ìdáhùn: Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ni ìtànṣán ń bá jà, ì báà jẹ́ ti jẹjẹrẹ tàbí ti àpá. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí kẹ́lọ́ìdì náà: wọ́n á gé e, wọ́n á sì tan ìtànṣán sójú ibẹ̀ kó má baà wú padà. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù nìyí: ìtànṣán kọ́ ló ń la ọ̀nà. Wọ́n ti là á kí ìtànṣán tó dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹran náà má padà hù.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Wọ́n á gba inú bronchoscope ti rọ́bà tín-ín-rín kan dé ojú ibẹ̀. Ẹ̀rọ á wá ti iridium-192, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, bíńtín gba inú rọ́bà náà, á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ á sì fà á jáde. Aláìsàn kì í gbé ìtànṣán kankan lọ sílé. Èrè títi í wọnú ni pé agbára rẹ̀ kì í rìn jìnnà: bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, agbára á dín kù sí nǹkan bí ìdámẹ́rin. Ẹ̀dọ̀fóró tuntun tó yí i ká kò ní jìyà púpọ̀.

Ìbéèrè: Ewu ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó wà, kò sì kéré. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá fara ti ọ̀nà èémí níbẹ̀. Bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, ògiri lè lu, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya. Aláìsàn yìí kan náà ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó ń mú kí kòkòrò àrùn tètè ráyè. Àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún kò pọ̀, ìròyìn aláìsàn díẹ̀díẹ̀ la sì ní lọ́wọ́. Lójú tèmi, ẹni tí bàlúùnù àti laser ti kùnà lára rẹ̀ léraléra ló yẹ kí wọ́n bá sọ ọ́, níwájú dókítà ẹ̀dọ̀fóró àti dókítà onítànṣán pa pọ̀.