Ìfarawé Àpótí Sípíkà fún Gìtá Oníná

Ìfarawé àpótí sípíkà jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà láti fún gìtá oníná ní ohùn tí àpótí sípíkà àti máìkì iwájú rẹ̀ ì bá fún un, láìsí àpótí kankan nínú yàrá. Ó wúlò fún àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ nínú ilé, pàápàá ní ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti máa ń wọ inú máìkì.

Iṣẹ́ tí sípíkà ń ṣe

Sípíkà gìtá kì í gbé ohùn jáde bó ṣe wọlé gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó íǹṣì 12, kò ní twíìtà (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde), ohùn tó bá sì ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) máa ń relẹ̀ kíákíá nínú rẹ̀. Asẹ́ ni. Bí a bá ti áńpù tó ń ké ṣóṣó bọ kọ̀ǹpútà tààrà, gbogbo ohun tí asẹ́ yìí ì bá dá dúró ni yóò jáde, yóò sì máa ta létí bí epo àkàrà tí omi kán sí.

Fáìlì IR

Impulse response ni IR, ìyẹn fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń farawé àpótí sípíkà àti máìkì rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é yóò gbé ohùn kan tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè gba inú sípíkà, yóò fi máìkì gbà á padà, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò ohun tí sípíkà, máìkì àti yàrá fi kún un àti ohun tí wọ́n yọ kúrò. Fáìlì tó gùn ní sample 2,048 (sample ni ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀), tí 48,000 irú rẹ̀ wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ pípààrọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yí ohùn padà ju yíyí bọ́tìnì áńpù lọ. Ohun tí kò lè gbé ni bí sípíkà fúnra rẹ̀ ṣe ń ké nígbà tí agbára bá pọ̀ fún un.

Ibi tí máìkì dúró

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáìlì kan àti èkejì ti ń wá. Máìkì SM57 ti ilé-iṣẹ́ Shure, tó jáde ní 1965, ni a máa ń bá pàdé jù. Bó bá kọjú sí àárín gbùngbùn sípíkà, ohùn á mú, á sì tàn. Bí a bá sún un sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n ìka méjì péré, ohùn á rọ̀, ara rẹ̀ á sì kún. Bó bá súnmọ́ sípíkà gan-an, ohùn ìsàlẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí a bá da fáìlì méjì pọ̀, tí máìkì ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà ju èkejì lọ, ohùn kejì á fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ dé. Àwọn méjèèjì á sì máa pa ara wọn rẹ́ ní àyíká 500 Hz, gìtá á wá tẹ́ẹ́rẹ́.

Fún gìtá jùjú àti orin ìyìn, tí gìtá méjì tàbí mẹ́ta máa ń dá ara wọn lóhùn, ohùn mímọ́ gaara ló yẹ. Ọ̀pọ̀ fáìlì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ṣe láti inú àpótí onísípíkà mẹ́rin tí a dé lẹ́yìn, fún orin rọ́ọ̀kì. Àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tó ní sípíkà kan tàbí méjì, sábà máa ń bá iṣẹ́ yìí mu jù, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò wúwo, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún gángan àti gìtá béèsì.

Ìṣètò mìíràn

Ojú ihò tí a kọ Hi-Z sí (ihò tí a ṣe fún gìtá oníná) lára sáàǹdì káàdì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, ni a ń ki gìtá bọ̀. Okùn tó nípọn jù wà ní 82 Hz, nítorí náà a lè gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò láìpàdánù nǹkan púpọ̀. Bí a bá ń fi fáìlì méjì wéra, ó yẹ kí ariwo wọn dọ́gba, torí etí máa ń yan èyí tó pariwo jù. Ẹni tó bá fẹ́ lo áńpù onítúùbù gidi (èyí tó ń lo túùbù onígíláàsì) pẹ̀lú fáìlì IR kò gbọdọ̀ yọ sípíkà kúrò láìfi ẹ̀rọ tó ń gba agbára náà rọ́pò rẹ̀, nítorí tiransifọ́mà inú áńpù lè jó.