Orin kan náà, ẹkún tuntun

Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń yan orin, ìbéèrè kan sì wà táwọn èèyàn máa ń bi mí tí àjálù bá ti já lu orílẹ̀-èdè kan: kí ló dé tó fi jẹ́ orin tá a ti ń gbọ́ tipẹ́, tá a ti fi jó, ló tún wá ń pa wá lẹ́kún? Ṣé olórin yẹn ti rí i tẹ́lẹ̀ ni? Rárá o, kò rí nǹkan kan, àwa tá à ń gbọ́ ọ la yí padà.

Ẹ wo ti Manchester. Ní May 22, 2017, ẹnì kan gbé bọ́ǹbù lọ síbi tí Ariana Grande ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin tán, èèyàn 22 ló pa, ọmọdé wà nínú wọn. Nígbà tó di May 25, èrò pé jọ sí St Ann's Square, wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn tó kú, bí ìdákẹ́ yẹn ṣe parí báyìí ni obìnrin kan gbé Don't Look Back in Anger ti ẹgbẹ́ olórin Oasis sẹ́nu, òun nìkan ló kọ́kọ́ ń kọ ọ́ o, nígbà tó yá gbogbo èrò bá a gbè é. Àtọdún 1995 lorin yẹn ti wà, ọmọ Manchester sì làwọn Oasis, ta ni ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Kò sí bọ́ǹbù nínú ẹ̀, kò sí òkú. Àmọ́ orin tó ń sọ pé kéèyàn má fìbínú wẹ̀yìn, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ló ń bá wí. Sally tí wọ́n ń pè nínú ẹ̀ ńkọ́, orin ò sọ ẹni tó jẹ́, ìdí nìyẹn tí kálukú fi lè fi ẹni tiẹ̀ síbẹ̀.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ló máa ń gba ẹrù ọ̀fọ̀: kò yára jù, ègbè ẹ̀ ò le fẹ́ni tí ò kọ́ṣẹ́ orin, kò sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ó máa ń yí sódì náà ṣá. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001 ní Amẹ́ríkà, Clear Channel, iléeṣẹ́ tó ní ilé rédíò tó lé ní 1,000 nígbà yẹn, ní líìsì kan tó ń lọ káàkiri, orin tó lé ní 150, pé kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́, Imagine, orin àlàáfíà ti John Lennon, wà níbẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ní September 21, olórin Neil Young jókòó sídìí dùùrù lórí tẹlifíṣọ̀n, ó kọ Imagine yẹn gan-an fáwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ṣe líìsì yẹn kàn ń ka orin bí ẹní ń ka lẹ́tà ni, wọn ò tẹ́tí sí i.

Torí náà tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yan orin nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré, ẹ kọ́kọ́ wo èyí táwọn èèyàn fúnra wọn ti ń kọ níta, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, torí ègbè lè tuni nínú kí ẹsẹ̀ kejì sì gúnni lọ́kàn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi orin yẹn polówó ọjà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má gbà fún un rárá, àwọn kan ò tíì rí òkú ẹni wọn gbà sin.