Ewé Kan Lóòjọ́: Bí Àwọn Júù Ṣe Ń Ka Talmud Pọ̀ Kárí Ayé

Láàárọ̀ òní, Júù tó wà ní Jerúsálẹ́mù, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó wà ní Buenos Aires máa ṣí ewé kan náà nínú Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì ayé àtijọ́ ti ń bá ara wọn jiyàn lórí àdúrà, ọjà, ìgbéyàwó àti ààlà ilẹ̀. Tó bá di ọ̀la, ewé tó kàn ni. Daf yomi ni wọ́n ń pè é lédè Hébérù, ìyẹn ewé òòjọ́.

Meir Shapiro, tó jẹ́ rábì ìlú Sanok ní Poland nígbà náà, ló dá a lábàá níbi àpéjọ Agudath Israel, ẹgbẹ́ àwọn Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ní Vienna lọ́dún 1923. September 11 ọdún yẹn, ọjọ́ ọdún tuntun àwọn Júù, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún pé àwọn apá kan nínú Talmud ti di ọmọ òrukàn, tí ẹnikẹ́ni kì í yà sọ́dọ̀ wọn. Ó sì fẹ́ kí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òkèèrè lè jókòó ti àwọn tó bá níbẹ̀, kó má ṣàlejò nínú ìwé.

Ewé 2,711 ló wà nínú ètò náà, ojú méjì sì ni ewé kọ̀ọ̀kan ní: amud alef níwájú, amud bet lẹ́yìn. Ọdún 7 àti oṣù 5 ni wọ́n fi ń kà á tán. Kíkà kẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ ní January 5, 2020. June 7, 2027 ni ewé rẹ̀ tó kẹ́yìn bọ́ sí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ máa wá ewé kìíní, kò sì ní rí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwé inú Talmud ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ewé kejì, torí wọ́n ti ka ewé àkọlé sí ìkíní.

Àwọn atẹ̀wé ló pín ewé wọ̀nyí. Daniel Bomberg tẹ odindi Talmud ní Venice láàárín ọdún 1520 sí 1523, ibi tó sì gé ewé sí ni àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gé e sí, títí kan ìtẹ̀jáde Vilna tí ilé ìtẹ̀wé ìdílé Romm ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò dòní. Ìdí nìyẹn tí ewé 30 nínú Berakhot, ìwé àkọ́kọ́ nínú Talmud, fi jẹ́ ewé 30 níbi gbogbo. Àmọ́ ewé lè tán nígbà tí iyàn ṣì ń gbóná lọ́wọ́, nígbà míì láàárín gbólóhùn. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á fi ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ rán wọn létí ibi tọ́rọ̀ dé lánàá: ta ló béèrè, ta ló ta kò ó, kí ló kù tí wọn ò tíì dáhùn. Bó bá fo ìyẹn, àwọn kan á ti sọnù kó tó ka ìlà kẹwàá.

Láàárín ewé ni ọ̀rọ̀ Talmud fúnra rẹ̀ wà. Àlàyé Rashi, ará Faransé tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkànlá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti gán ìwé pọ̀. Tosafot, àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ Rashi wò tí wọ́n sì ń bá a fà á, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Kọ́mà kò sí, àmì fáwẹ̀lì kò sí, èdè Árámáíkì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti bá “igba” pàdé láìlámì rí, tí kò mọ̀ bóyá igbá ni, ìgbà ni, tàbí igba náírà, ti mọ díẹ̀ lára ohun tójú wọn ń rí.

Kíláàsì kan máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn ti alẹ́. Olùkọ́ á ka gbólóhùn kan sókè, á túmọ̀ rẹ̀, á fi Rashi là á yé wọn, á sì kọjá. Àyè Tosafot kì í sábà sí. Àwọn kan ń ráhùn pé ìsáré yìí pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ohun tó kà dúró lórí gbọ́dọ̀ wá àyè láàárín ọ̀sẹ̀ láti padà sórí ewé méje náà.

Apá kan wà tí ètè nìkan ò lè ṣàlàyé. Eruvin, ọ̀kan lára àwọn ìwé inú Talmud, sọ nípa gbígbé ẹrù jáde lọ́jọ́ Sábáàtì, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni igi ìdábùú ẹnu ọ̀nà tóóró: bó bá ga ju ìgbọ̀nwọ́ 20 lọ, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ 10 lọ, kí wọ́n dín in kù. Kí olùkọ́ yà á sórí pépà, ògiri méjì, igi kan lókè. Láìsí àwòrán yẹn, ewé mẹ́ta péré ti tó láti lé olùbẹ̀rẹ̀ lọ.

Gbèsè ló ń pa kíkà yìí jù. Ẹni tó pàdánù ọjọ́ 3, tó wá ní òun fẹ́ san án kóun tó bá wọn lọ, ewé 4 ló ń wò lójú lọ́jọ́ kan, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Kó ka ti òní pẹ̀lú ẹgbẹ́, kó máa san ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Kí ẹgbẹ́ má dúró dè é, torí bí wọ́n bá dúró, wọ́n ti kúrò lórí ewé tí gbogbo àwọn yòókù láyé wà. Ẹni tó ń pa Sábáàtì mọ́ kì í fọwọ́ kan fóònù lọ́jọ́ náà, torí náà kí ìwé títẹ̀ wà nílé. Ní Tisha b'Av, ọjọ́ ọ̀fọ̀ Tẹ́ńpìlì, wọn kì í kẹ́kọ̀ọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá; kí wọ́n ti ṣètò ìgbà tí wọ́n máa ka ewé ọjọ́ náà.

Bí odindi ìwé kan bá ń parí lọ, wọ́n á ṣẹ́ ìlà díẹ̀ kù de ọjọ́ siyum, àjọyọ̀ ìparí. Siyum ti gbogbo Talmud tí wọ́n ṣe ní January 1, 2020 kó nǹkan bí 90,000 èèyàn jọ sí pápá ìṣeré MetLife ní New Jersey. Lóṣù yẹn kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ṣe tiwọn ní Jerúsálẹ́mù. Ti inú sínágọ́gù kò ju tábìlì kan, ẹja àti ohun mímu lọ. Wọ́n á ka ìlà tó kù, wọ́n á sì bá ìwé náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ dágbére: Hadran alakh, a ó padà wá bá ọ. Wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́wàá tí Rav Papa, ọ̀kan lára àwọn rábì inú Talmud, bí, wọ́n á ka Kaddish gígùn, àdúrà tí wọ́n fi ń yin Ọlọ́run. Kí wọ́n tó gbá tábìlì, olùkọ́ á ti ṣí ìwé tó tẹ̀ lé e, á sì ka ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́.